Ìlú Òyìnbó létí odò Hooghly: bí mo ṣe rìn wọ́n

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Howrah, tó kọjú sí Kolkata lódìkejì odò, sí Bandel ló ń já gbogbo ìlú tí àwọn Òyìnbó tẹ̀dó sí láyé àtijọ́ yìí: Serampore ti àwọn ará Dẹ́ńmáàkì, Chandannagar ti àwọn Faransé, Chinsurah ti àwọn ará Nẹ́dálándì, títí dé Bandel tí àwọn Potogí tẹ̀dó sí. Ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n wà létí odò Hooghly, ní àríwá Kolkata, ní Íńdíà. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo rìn wọ́n tán. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ló máa rìn, ojú ò ní rí nǹkan kan. Èmi a máa mú Serampore àti Chandannagar, ó parí. Ẹ má retí ìjókòó nínú ọkọ̀ yẹn o. Àárín èrò tó há gádígádí làwọn tó ń kiri ọjà tún ń gbà kọjá.

Ní Serampore, ẹ gbójú sókè wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St. Olav, tí wọ́n kọ́ parí ní 1806. Àmì orúkọ ọba Christian Keje ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà, ọba tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí! Láti 1755 ni Dẹ́ńmáàkì ti ń ṣe olówó ìlú yìí, kí wọ́n tó tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1845. Odindi ìlú, tòun tèèyàn inú rẹ̀.

Ibi tó dá mi dúró pẹ́ jù ni Serampore College, tí William Carey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1818. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Carey, iṣẹ́ bàtà ló kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣòwò ní Íńdíà ò fẹ́ míṣọ́nnárì lágbègbè wọn, ló bá sá sábẹ́ àsíá Dẹ́ńmáàkì ní 1800. Serampore yìí náà ló ti tẹ Bíbélì jáde ní Bẹ̀ngálì, èdè àwọn ará àgbègbè náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọyì iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹ ó gbádùn ibẹ̀.

Ojú odò ló jẹ́ kí Chandannagar wù mí ju gbogbo wọn lọ. Strand ni wọ́n ń pè é: igi rẹpẹtẹ, bẹ́ǹṣì, àti ilé Dupleix, gómìnà Faransé àtijọ́, tó ti di mùsíọ́mù. Géètì ìlú náà ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Òmìnira, ìdọ́gba àti ìfẹ́ ará ni wọ́n kọ sí i lédè Faransé, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí! Àwọn ará ìlú kúkú gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́: wọ́n dìbò ní 1949 pé Íńdíà làwọn ń bá lọ, Faransé sì kó ẹrù ní 1950.

Ẹ jẹ jolbhora níbẹ̀, àdídùn tí omi olóòórùn rósì wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra o. Ọkùnrin kan bù ú jẹ gbàù níwájú mi, omi náà sì tú sí i láyà.

Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jagaddal, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Sealdah ní Kolkata níbẹ̀. Chinsurah àti Bandel lè dúró di ọjọ́ mìíràn.