Báwo lèèyàn ṣe lè to lítíréṣọ̀ èdè Sípáníìṣì láti Cid títí dé ìgbà Boom?

ÒǹkàwéTuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onímọ̀. Mo fẹ́ ka lítíréṣọ̀ èdè Sípáníìṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òde òní, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ń dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwé kan á pe Quevedo ní òǹkọ̀wé Siglo de Oro, òmíràn á ní Barroco, ẹ̀kẹta á ní picaresca. Èwo ni ká mú? Níbo sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Mo lè ka èdè náà tí ìwé atúmọ̀ èdè bá wà nítòsí, mi ò tíì lè sáré kà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ mú, kí sì ni kí n máa wò nínú ìwé tí màá fi mọ ibi tí mo dé?

Alákọsílẹ̀

Gbogbo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ́ sí Quevedo, torí wọn kì í ṣe irú kan náà. Siglo de Oro jẹ́ àkókò. Ọ̀rúndún 16 àti 17 ló kó pọ̀. Barroco jẹ́ ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba apá ìkẹyìn àkókò yẹn lẹ́yìn tí Renacimiento ti ṣe tiẹ̀. Picaresca jẹ́ irú ìtàn, Quevedo sì kọ ọ̀kan níbẹ̀, El Buscón, tó jáde ní 1626. Ìgbàkígbà tí ẹ bá bá orúkọ pàdé, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́ta yìí: àkókò, ọ̀nà ìkọ̀wé, àbí irú iṣẹ́.

Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ há orúkọ sórí. Ìrísí iṣẹ́ ni kí ẹ máa wò, pàápàá iye sílébù inú ìlà ewì. Cantar de mio Cid, ewì gígùn nípa akọni jagunjagun kan, kò ní iye kan pàtó: ìlà kan lè gùn ju èkejì lọ, ibi ìdánudúró wà láàárín rẹ̀, fáwẹ́lì nìkan ló sì ń bára mu níparí ìlà. Iṣẹ́ àwọn akéwì tó ń lọ láti ìlú dé ìlú nìyẹn, etí ni wọ́n kọ ọ́ fún. Nǹkan bí 3,700 ìlà ló ṣẹ́ kù nínú ẹyọ ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo tó wà, ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí ìtàn fi bẹ̀rẹ̀ lójijì níbi tí Cid ti ń sunkún. Kì í ṣe àléébù ẹ̀dà tí ẹ rà.

Ní ọ̀rúndún 13, Gonzalo de Berceo àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ bíi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílébù: ìlà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sílébù 14 tí a gé sí 7 àti 7, ìró ìparí kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Cuaderna vía nìyẹn. Romance, ewì ìtàn tí wọ́n máa ń kọ lórin, jẹ́ sílébù 8 ní tirẹ̀, ìlà kejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nìkan sì ni fáwẹ́lì ìparí wọn bára mu. Sílébù 11 wá láti Ítálì. Marqués de Santillana ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀rúndún 15, kò ràn. Boscán àti Garcilaso de la Vega, akéwì méjì ní ọ̀rúndún 16, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Opó Boscán ló jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde ní Barcelona ní 1543, lẹ́yìn tí wọ́n ti kú.

Òfin méjì ló máa ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka sílébù. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ nínú ewì tí Jorge Manrique fi dárò bàbá rẹ̀: *Recuerde el alma dormida*. Ẹ ó kà á, ẹ ó rí 9. Àmọ́ fáwẹ́lì tó parí *recuerde* ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ *el*, ni ó fi di Re-cuer-deel-al-ma-dor-mi-da, 8 géérégé. Nígbà tó yá, ó kọ *da dolor*. Mẹ́ta lẹ gbọ́, àmọ́ sílébù tó kẹ́yìn ni ohùn tẹ̀, nítorí náà ẹ ó fi ọ̀kan kún un, ó di 4. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn ni ohùn tẹ̀, bíi *pájaro*, ẹ ó yọ ọ̀kan kúrò. Bí Manrique ṣe to ewì yẹn nìyẹn, 8, 8, 4, ìlà kúkurú yẹn ló sì ń dá yín dúró lójijì bí ikú ṣe ń ṣe. Mi ò mọ ewì mìíràn ní ọ̀rúndún 15 tó dùn ún kà sókè tó o.

ỌmọGeere

Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ọ̀rọ̀ geere àti eré, torí ẹ̀dà ìwé ló ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀.

La Celestina kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìpín 16. Burgos, 1499, ni ẹ̀dà tó pẹ́ jù tí a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni Fernando de Rojas fẹ̀ ẹ́ sí 21. Èyí tó ní 21 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, àmọ́ tí àlàyé inú ìwé kan bá sọ pé ìpín báyìí ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò rí i, iye yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, síbẹ̀ ó gùn ju ohun tí wọ́n lè ṣe lórí ìtàgé. Ìwé tí wọ́n ń kà sókè láàárín ọ̀rẹ́ ni kí ẹ pè é.

Lazarillo de Tormes, 1554, kò ní orúkọ òǹkọ̀wé. Ìpín méje ni, kò sì dọ́gba rárá: ìpín kẹrin kò ju ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ lọ. Inquisición, ilé ìgbẹ́jọ́ ìjọ Kátólíìkì, fòfin dè é ní 1559. Nígbà tí wọ́n tún gbà á láyè ní 1573, wọ́n ti yọ ìpín kẹrin àti ìkarùn-ún kúrò, torí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ìjọ tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà àtijọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpín rẹ̀ kò pé méje, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di picaresca kò ju mẹ́ta lọ: ọmọ tálákà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀tàn, ó ń ti ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ó sì ní ìdí tó fi ń sọ ọ́. Ìdí yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò. Lázaro ń kọ̀wé sí ẹnì kan tó fẹ́ kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, ìgbà tí ẹ bá dé ìpín keje lẹ ó mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ẹ padà ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Don Quijote: orí 52 ní apá kìíní (1605), orí 74 ní apá kejì (1615). Ẹ má dúró lẹ́yìn apá kìíní. Ní 1614 ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Avellaneda tẹ apá kejì ayédèrú jáde. Cervantes mú ìwé náà wọ inú ìtàn tirẹ̀ ní orí 59: Quijote gbọ́ pé ayédèrú ti gbé òun lọ sí Zaragoza, ló bá yí ọ̀nà padà, ó gba Barcelona lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn àròsọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ara rẹ̀ ní ìtàn. Àwọn òǹkọ̀wé òde òní bíi Borges ti Ajẹntínà kò bá a níbòmíràn.

Fún eré, ẹ ka Arte nuevo tí Lope de Vega kọ ní 1609 kí ẹ tó ka eré kankan. Ó kúrú. Níbẹ̀ ló ti sọ pé ìpín mẹ́ta ni kí eré ní, kí ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀, kí ewì sì máa yí padà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí: décima fún ẹni tó ń ráhùn, soneto fún ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn, romance fún ìròyìn, redondilla fún ìfẹ́. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ìyípadà ìlà nínú eré Lope yóò máa sọ fún yín ohun tó ń bọ̀. Ọ̀rúndún 18 ní tèmi ẹ lè yára kọjá. El sí de las niñas, eré Moratín, tó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1806 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é lórí ìtàgé.

ÒǹkàwéTuntun

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Góngora ńkọ́? Mo ṣí Soledades, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìlà kan, síbẹ̀ ìlà náà kò yé mi.

Ìlà14

Ìtòpọ̀ ọ̀rọ̀ ló fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Góngora ń to ọ̀rọ̀ bíi ti Látìn. Ẹ mú ìlà àkọ́kọ́: *Era del año la estación florida*. Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe, *era*. Ẹ wá olùwà, *la estación florida*. Ẹ wá fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, *del año*. Ó di *era la estación florida del año*, ìgbà òdòdó nínú ọdún ni. Níbi tí gbólóhùn ti gba ìlà mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ sí bébà lọ́nà yìí kí ẹ tó wo ìwé atúmọ̀ èdè rárá. Tó bá sú yín, Dámaso Alonso tẹ Soledades jáde ní 1927 pẹ̀lú ẹ̀yà ọ̀rọ̀ geere tirẹ̀. Ọdún yẹn pé 300 ọdún tí Góngora kú, àjọ̀dún rẹ̀ ló sì fún àwọn akéwì bíi Lorca, Alberti àti ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, Ìran 27.

Ní ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé ló wà. Akéwì obìnrin kan, Sor Juana Inés de la Cruz, wà ní Mẹ́síkò nínú Barroco gan-an, ó sì kú ní 1695. El Periquillo Sarniento ti Lizardi, 1816, gba irú ìtàn Lazarillo lò ní Mẹ́síkò. Martín Fierro ti Hernández, ní Ajẹntínà ní 1872, gba sílébù 8 romance, ó fi sẹ́nu darandaran pápá ńlá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá ni 1888, nígbà tí Rubén Darío, ọmọ Nikarágúà, tẹ Azul jáde ní Valparaíso ní Ṣílè. Láti ìgbà náà Amẹ́ríkà ló ń kọ́ Sípéènì. Ẹ ka Sonatina rẹ̀, ẹ ka sílébù: 14, tí a gé sí 7 àti 7, iye kan náà tí Berceo lò. Àmọ́ etí ẹni tó ti gbọ́ ewì Faransé ló fi kọ tirẹ̀, ìró rẹ̀ kò sì jọ ti Berceo rárá. Modernismo lorúkọ ẹgbẹ́ yìí. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn Joyce àti Eliot tí wọ́n ń pè ní modernist lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà wọn sì yàtọ̀.

Fún Boom, ìyẹn ìgbà tí ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà lédè Sípáníìṣì gbòde kan kárí ayé ní àwọn ọdún 1960, ẹ ka Rulfo, ọmọ Mẹ́síkò, kí ẹ tó ka García Márquez. Pedro Páramo (1955) kò ní nọ́ńbà orí, abala kéékèèké ni, ìgbà méjì sì ń lọ pọ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abala kọ̀ọ̀kan ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti bóyá ó ti kú. Tí ẹ bá ń retí kí òkú yàtọ̀ sí alààyè nínú ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó sọnù. Cien años de soledad (1967) ń fẹ́ igi ìdílé: ẹ yà á fúnra yín bí ẹ ṣe ń kà, torí Arcadio àti Aureliano ń padà wá láti ìran dé ìran. Rayuela ti Cortázar (1963) ní orí 155. Ẹ lè ka 1 sí 56 kí ẹ dúró, tàbí kí ẹ tẹ̀lé àtẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti 73. Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Etídò

Ẹ̀gbọ́n Ìlà14, mo fara mọ́ ọ, àyàfi pé ẹ fo Ìran 98, àwọn òǹkọ̀wé Sípéènì tí wọ́n so orúkọ wọn mọ́ ọdún 1898, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Azorín, ló polongo orúkọ yẹn ní 1913, ọdún 15 lẹ́yìn tí Sípéènì pàdánù Kúbà, Puerto Rico àti Filipínì. Baroja tí wọ́n kà mọ́ wọn kò gbà pé ẹgbẹ́ kan wà. Ẹ ka Campos de Castilla ti Machado (1912) àti Niebla ti Unamuno (1914) bí ìwé méjì tó dá dúró, ẹ ó jèrè jù.

Ẹ má sì fi àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀ sẹ́yìn. Nicolás Guillén mú orin son ti Kúbà, pẹ̀lú ègbè rẹ̀ tó ń padà wá, ó fi ṣe ìlà ewì nínú Motivos de son ní 1930. Nínú Son número 6 ó fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Yorùbá. Ní Equatorial Guinea, Ekomo ti María Nsue Angüe jáde ní 1985, Las tinieblas de tu memoria negra ti Donato Ndongo ní 1987. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn lítíréṣọ̀ kò dárúkọ wọn rárá, àìtọ́ gbáà sì ni.

Ní ti ètò, ÒǹkàwéTuntun, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti Cid bí ẹ ò bá tíì lè sáré kàwé. Èdè ìgbà yẹn ń kọ *fijo* níbi tí tòní ń kọ *hijo*, *fablar* níbi tí tòní ń kọ *hablar*, ìwé atúmọ̀ èdè lásán kò sì ní í gbé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Rimas ti Bécquer, kúkurú ni, èdè rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ìtàn kúkurú Rulfo nínú El llano en llamas, Lazarillo nínú ẹ̀dà tí wọ́n ti sọ àkọtọ́ rẹ̀ di tòní, Romancero gitano ti Lorca, Ekomo, Manrique, Niebla, Pedro Páramo, apá kìíní Quijote, apá kejì. Ẹ fi Cid sí ìkọkànlá, ẹ sì ra èyí tí èdè àtijọ́ wà lójú ìwé òsì, tòní lójú ọ̀tún.