Sóòlù kánfáàsì mi ń ṣí lẹ́nu, mo fẹ́ tún un ṣe fúnra mi nílé

Ọmọ_Agége kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kánfáàsì funfun kan, ọkirika ni, Kàtàngówà ni mo ti rà á, lẹ́dà ẹ̀ ṣì dáa gan-an, kò bó kò ya, àfi sóòlù ẹ̀ tó là níwájú. Ṣúmékà tó máa ń kan àpótí kọjá ládùúgbò wa bá mi lẹ̀ ẹ́, kò pẹ́ rárá ó tún là padà, mo gbé e lọ bá a, ó ní òun máa rán an, àmọ́ òwú dúdú gbàgàdà ló fẹ́ fi rán an lórí bàtà funfun, mo ní ẹ ṣé sà, mo gba bàtà mi. Gọ́ọ̀mù wo ni kí n rà tí mo bá fẹ́ ṣe é fúnra mi? Ara sóòlù yẹn náà ti di yẹ́lò, mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ kò lọ.

Ìkejì, mo ní Jordan 4 kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Houston láyé ìgbà kan, inú páálí ẹ̀ ló wà, n kì í wọ̀ ọ́ àfi tí òde bá le. Mo gbé e jáde fún ìgbéyàwó kan, fómù àárín ẹ̀ ń bù bíi búrẹ́dì gbígbẹ, gbogbo ilẹ̀ họ́ọ̀lù kún fún ẹ̀rún ẹ̀! Ṣé fékì ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n mi ni àbí kí ló dé?

Fẹ́mi_Gbági kọ:

Super glue o jàre. Kán an sí i, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Kí lò ń da ara ẹ láàmú sí.

Sísí_Yábàá kọ:

@Fẹ́mi ó parí lóòótọ́, bàtà yẹn náà á bá a parí ni 😂 Super glue tó bá ti gbẹ ó máa ń gan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà téèyàn bá gbẹ́sẹ̀ ni bàtà ń ká níwájú, ibi tó ń ká yẹn gan-an ló ti máa kán. Ó tún máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ lára lẹ́dà. Ẹ sì ṣọ́ra tó bá kán sórí aṣọ kọ́tìnnì, ooru tó máa ń mú jáde lè jó èèyàn lára.

Bọ̀dá_Ṣúmékà kọ:

Àbúrò, kì í ṣe ẹjọ́ gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù yẹ́lò inú agolo tí gbogbo àwa ṣúmékà ń lò yẹn náà ni kó o rà. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni kéèyàn fi gọ́ọ̀mù tuntun lé orí ògbólógbòó. Ẹni tó ń kan àpótí káàkiri, oníbàárà dúró tì í pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ibo ló ti fẹ́ ráyè họ nǹkan kúrò? Ìwọ tó o wà nílé, o ráyè.

Fa ibi tó là yẹn ṣí dáadáa. Ibi tó bá ti fẹ́ ṣí, jẹ́ kó ṣí, torí tó ò bá ṣí i báyìí ó máa ṣí fúnra ẹ̀ lóde. Fi ọ̀bẹ tí ò mú àti sáńpépà họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, lára bàtà àti lára sóòlù, títí ojú ẹ̀ á fi rí ṣákiṣàki. Fi asítóònù díẹ̀ sára àkísà kó o fi nù ún, àmọ́ má jẹ́ kó kan lẹ́dà ìta o, ó máa ń ṣí kun ẹ̀. Tó bá ti gbẹ, pa gọ́ọ̀mù sójú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má pọ̀. Ṣí fèrèsé tó o bá ń ṣe é, má sì lọ jókòó sídìí sítóòfù, gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gbiná.

Wàyí o, má tíì lẹ̀ ẹ́! Gbé méjèèjì kalẹ̀ bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí tó o bá fi ìka kàn án tí ò lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó ti gbẹ jù, wọ́n á tún dà sí i, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Bí gọ́ọ̀mù bá ti kan gọ́ọ̀mù báyìí, ó ti di nìyẹn, o ò lè sún un mọ́, torí náà fojú wọ̀n ọ́n dáadáa, kó o bẹ̀rẹ̀ láti imú bàtà. Tó o bá ní dráyà irun, fẹ́ ẹ sí i díẹ̀ kó o tó lẹ̀ ẹ́, á mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ki àkísà sínú bàtà, fi hámà lù ú kárí, wá la túùbù kẹ̀kẹ́ gígùn kó o fi wé e pinpin di ọjọ́ kejì.

Wo ó bóyá irú èyí tí wọ́n rán sóòlù ẹ̀ yí ká ni, bíi Air Force 1. Tí òwú ẹ̀ bá ti já, gọ́ọ̀mù nìkan ò ní pẹ́. Ra òwú funfun tìẹ, fi òòlu rán an, kó o sì máa gba inú ihò tó ti wà níbẹ̀, má lu tuntun.

Akin_Peckham kọ:

Ọ̀rọ̀ Jordan yẹn, fékì kọ́ o, ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n yín. Polyurethane ni wọ́n fi ṣe fómù àárín Jordan 4, omi inú afẹ́fẹ́ ló sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bóyá ẹ wọ̀ ọ́, bóyá ẹ ò wọ̀ ọ́, tó bá ti lé ní ọdún mélòó kan ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bù. Ibi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀ bíi ti Èkó, ó tún máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkó o pamọ́ sínú páálí ò lè dá a dúró. Àwọn bàtà tí wọ́n fi EVA ṣe fómù wọn kì í bù bẹ́ẹ̀, tiwọn ni pé wọ́n á tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Kò sí gọ́ọ̀mù tó lè mú un, torí kò sí nǹkan tó fẹ́ dì mú mọ́. Sóòlù míì lẹ máa wá. 1989 ni bàtà yẹn kọ́kọ́ jáde, àwọn tó ní ti ìgbà yẹn gan-an, sóòlù ti èyí tí wọ́n tún ṣe jáde lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yọ sí i. Ẹ wá Jordan 4 ọkirika tí òkè ẹ̀ ti ya, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá tiyín mu, tí fómù ẹ̀ ṣì le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Sísí_Yábàá kọ:

Ti yẹ́lò yẹn, wọn kì í fọ̀ ọ́ lọ, torí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ṣọ́ọ̀bù irun, ẹ ra hydrogen peroxide oníkírímù tí wọ́n fi ń pa irun láró. Ẹ kọ́kọ́ fọ sóòlù yẹn mọ́, ẹ fi tépù bo lẹ́dà, ẹ wọ ibọ̀wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa kírímù yẹn sí i, ẹ fi ọ̀rá wé e kó má gbẹ, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ máa yí i. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi bílíìṣì sí i, ó tún lè sọ ọ́ di yẹ́lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ kánfáàsì aṣọ funfun lẹ fọ̀, ẹ fi tíṣù wé gbogbo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sá a, inú tíṣù ni yẹ́lò yẹn máa lọ.

Ọmọ_Agége kọ:

Ha, ẹ ṣé gan-an o! Sísí, 20 volume àti 40 volume ni mo rí, èwo ni kí n mú?

Sísí_Yábàá kọ:

20 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 6% péré nìyẹn, 40 jẹ́ 12%, ó máa ń bó èèyàn lọ́wọ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Yẹ́lò yẹn lè padà wá tó bá yá ṣá.

Fẹ́mi_Gbági kọ:

Gọ́ọ̀mù, asítóònù, sáńpépà, dráyà, òòlu, peroxide. Owó yẹn á ra ọkirika míì, ká sọ òótọ́.

Bọ̀dá_Ṣúmékà kọ:

@Fẹ́mi bàtà kan ṣoṣo lò ń wò, agolo kan máa lẹ bàtà gbogbo ará ilé yín. Àbúrò, tó o bá lọ rà á ní Múṣin, agolo kékeré tí wọn ò tíì ṣí ni kó o mú. Má gba èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá fún ẹ, ó ti lè máa ki, èyí tó bá sì ti ki kì í wọlé sára rọ́bà.

Ọmọ_Agége kọ:

Mo ti gbọ́ sà. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa lọ. Akin, mo ti fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ kejì Jordan yẹn, òun náà ti ń bù o.