Kí ni a ń sanwó fún nínú ẹ̀rọ tí ń ka àwo géèmù?

Àkànní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra PS5, ẹ̀rọ géèmù Sony, fún àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ rú mi lójú. Nígbà tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, dọ́là 500 ni wọ́n ń ta èyí tó ń ka àwo, dọ́là 450 ni èyí tí kì í ka àwo, síbẹ̀ ẹni tó bá ra ẹ̀rọ àwo náà lọ́tọ̀ yóò san dọ́là 80. Nínú dọ́là 50 tó fi yàtọ̀ àti dọ́là 80 yìí, èwo wá ni iye ẹ̀rọ àwo náà gan-an, PS5 wo sì ni kí n rà?

Bàbá Ọlá: Iná lésà, awò kékeré tó ń darí rẹ̀ àti mọ́tò tó ń yí àwo ni olórí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ àwo. Nígbà tí PS3 dé ní ọdún 2006, lésà aláwọ̀ búlúù yìí ṣọ̀wọ́n débi pé Sony sún títà rẹ̀ ní Yúróòpù sí oṣù Kẹta ọdún 2007, iléeṣẹ́ iSuppli, tó ń ṣírò iye tí ohun inú ẹ̀rọ ń náni, sì fojú bù ú pé ẹ̀rọ àwo nìkan gba dọ́là 125. Ó ti wálẹ̀ gan-an báyìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kò tíì mẹ́nu ba owó àṣẹ, Bàbá Ọlá. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tí ń ka fíìmù DVD tàbí Blu-ray gbọ́dọ̀ san owó lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ni ìmọ̀ náà, yálà oníbàárà wo fíìmù tàbí kò wò ó. Ìdí nìyí tí Microsoft fi ta rìmóòtù tó ń ṣí fíìmù lórí Xbox àkọ́kọ́, ẹ̀rọ géèmù tiwọn, lọ́tọ̀ ní dọ́là 30, kí ẹni tó fẹ́ wo fíìmù lè fọwọ́ ara rẹ̀ san án. Iwata, ọ̀gá Nintendo nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé nítorí owó àṣẹ ni Wii U, ẹ̀rọ géèmù wọn, kò fi ní ka fíìmù, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní ohun tí wọ́n fi ń wò ó nílé. Lójú tèmi, ó bọ́gbọ́n mu.

Adébáyọ̀: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á kọ́ ni iye tó ná wọn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ àwo ti di oníbàárà ṣọ́ọ̀bù Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Sony ti ń yọ nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lórí géèmù tí iléeṣẹ́ mìíràn bá tà. Ohun tó bá dín lórí ẹ̀rọ lè padà wọlé níbẹ̀. Ẹ ra èyí tó ń ka àwo, nítorí a lè yá àwo, a sì lè tà á. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ àwo lọ́tọ̀, kí íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ ó so ó mọ́ PS5, torí pé kò ní ṣiṣẹ́ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àkànní: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé àwo PS4 tí àwọn ọmọ ní tẹ́lẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?

Adébáyọ̀: Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn yóò ṣiṣẹ́.