Irú Ráákẹ́ẹ̀tì Wo Ló Yẹ Àgbàlagbà Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Tẹníìsì?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹni ọdún 43 ni mí, oṣù méjì sẹ́yìn ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tẹníìsì ní Ìbàdàn. Ráákẹ́ẹ̀tì tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi wúwo tó gíráàmù 320, ojú rẹ̀ sì kéré, tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ fi ń dùn mí lẹ́yìn wákàtí kan, tí bọ́ọ̀lù tí n kò bá gbá sí àárín gan-an kì í sì í kọjá àwọ̀n. Olùkọ́ mi ní kí n wá èyí tí kò ju gíráàmù 280 lọ, tí ìwọ̀n ojú rẹ̀ (ibi tí okùn wà) tó ínṣì onígun mẹ́rin 105. Ẹni tó ń tà á, ẹ̀wẹ̀, ń fi Babolat Pure Drive oní-gíráàmù 300 lọ̀ mí (ọjà ló kúkú fẹ́ tà).

Okùn ló rú mi lójú jù. Mo gbọ́ pé okùn poliẹ́sítà le, pé ó sì máa ń ni ìgbọ̀nwọ́ lára. Ṣé kí n ní kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ta á, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó le ju páùn 50 lọ? Ọwọ́ mi kò tóbi, mo sì ń rò ó pé kí n mú ìdìmú nọ́ńbà 2, kí n máa fi ọ̀já wé e bí ó bá tín-ínrín jù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni owó mi ká. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, èwo lẹ kọ́kọ́ rà, ṣé ó sì tẹ́ yín lọ́rùn?