Báwo ni mo ṣe lè gba ohun tí ffmpeg ń sọ sínú script Python mi?

omo_alagbede:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní fódà kan tí wàásù ṣọ́ọ̀ṣì wa kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, mp3 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ní kí n ṣe lísìtì bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Mi ò lè jókòó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan jàre, ìdí tí mo fi ní kí n fi Python ṣe é nìyẹn. Tí mo bá tẹ ffmpeg -i (ffmpeg ni prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì orin àti fídíò) sórí tẹ́míná mo ń rí Duration, ìyẹn gígùn fáìlì, níbẹ̀ kedere, àmọ́ tí mo bá gbé e sínú script báyìí:

esi = os.system("ffmpeg -i " + faili)
print(esi)

gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ á kàn dà sójú tẹ́míná, ohun tó wà nínú esi á wá jẹ́ 256. 256 kí ni? Wàásù tó ju wákàtí kan lọ wà níbẹ̀, èyí tí ò tó ogún ìṣẹ́jú náà wà níbẹ̀, 256 kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn. Mo tún fi > esi.txt sí i lẹ́yìn pé bóyá mo lè lọ kà á nínú fáìlì, fáìlì yẹn wà lóòótọ́ àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lọ̀rọ̀ yẹn ń gbà lọ?

IyaKoodu:
Àbúrò, os.system ò gba ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ẹ. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gbé kọmáàndì fún shell, ìyẹn prógíráàmù tó ń ka kọmáàndì tó o bá tẹ̀, kó dúró kó parí, kó wá sọ fún ẹ bó ṣe parí sí. 1 ni ffmpeg fi parí torí o ò fún un ní fáìlì tó máa kọ nǹkan sí, bí Linux sì ṣe ń to nọ́ńbà yẹn, 1 ló ń di 256 lójú os.system. Kò kan gígùn wàásù rárá.

Ní ti fáìlì tó ṣófo yẹn, ẹnu méjì ni prógíráàmù fi ń sọ̀rọ̀, stdout tó wà fún èsì àti stderr tó wà fún àlàyé àti ìkìlọ̀. Àmì > tó o lò yẹn, stdout nìkan ló ń gbé. ffmpeg kì í sì í fi stdout rojọ́, torí èèyàn lè ní kó da orin fúnra ẹ̀ gba ibẹ̀ lọ sínú prógíráàmù míì, tọ́rọ̀ bá lọ dà pọ̀ mọ́ ọn orin bàjẹ́ nìyẹn, torí náà stderr ló ń kọ gbogbo àlàyé ẹ̀ sí. java -version náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lo èyí:

r = subprocess.run(["ffmpeg", "-i", faili], capture_output=True, text=True)
print(r.stderr)

Python 3.7 ni capture_output dé, tí tìẹ bá ti pẹ́ jùyẹn lọ, àbúrò, lọ gbé tuntun. Má sì tún so orúkọ fáìlì mọ́ kọmáàndì pẹ̀lú + mọ́ o. Fáìlì tó bá ń jẹ́ Ojo Isinmi.mp3, shell á pín in sí méjì, ffmpeg á wá máa wá èyí tó ń jẹ́ Ojo lásán.

atunse:
Òótọ́ ni ìyá wa sọ, àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣa Duration láàárín gbogbo ìyẹn? ffprobe tó bá ffmpeg wá ńkọ́? Stdout lòun fi ń dáhùn, ohun tó o bá bi í nìkan ló sì máa sọ. Fi èyí rọ́pò lísìtì ffmpeg tó wà nínú subprocess.run yẹn:

["ffprobe", "-v", "error", "-show_entries", "format=duration", "-of", "default=nw=1:nk=1", faili]

Á kàn fún ẹ ní nǹkan bíi 2712.398367, ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. float(r.stdout), ó parí.

IyaKoodu:
Ó dáa gan-an, àmọ́ sọ -v error yẹn di -v warning. Àwọn mp3 kan wà tí wọn ò kọ gígùn wọn sórí fáìlì, ffprobe á kàn fojú díwọ̀n ẹ̀ látara bitrate (iye dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbà), á sì kìlọ̀ fún ẹ lórí stderr pé ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. -v error máa gbé ìkìlọ̀ yẹn mì, wàá wá gbé nọ́ńbà tí ò péye fún ṣọ́ọ̀ṣì.

omo_alagbede:
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí Linux mi! Mo tiẹ̀ ti fi format_tags=title kún un kó lè máa mú àkọlé wá. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì, Windows ni, ibẹ̀ ló ti ń sọ pé 'charmap' codec can't decode byte 0x8d. Orí "Àdúrà òwúrọ̀" ló kú sí. Èyí tó ń jẹ́ "Ẹ̀ṣẹ̀" kọjá ní tiẹ̀ àmọ́ áº¸ kan báyìí ló gbé jáde.

atunse:
Haha, lẹ́tà ọ ló mú ẹ. ffprobe ń kọ UTF-8, àmọ́ text=True lórí Windows yẹn ń fi cp1252 kà á; ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra tí wọ́n ń gbà fi báìtì kọ lẹ́tà ni méjèèjì. ọ kékeré, báìtì mẹ́ta ni nínú UTF-8, E1 BB 8D, cp1252 ò sì ní nǹkan kan tó ń jẹ́ 8D, ibẹ̀ ló máa kú sí. Báìtì ti ẹ àti ṣ, cp1252 ní ohun tó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ló ṣe kàn ń kọ ìranù. Má tiẹ̀ jẹ́ kó kan ẹ́ tó ní àmì òkè lórí, 81 wà nínú tìyẹn, ó tún máa kú. Yọ text=True kúrò, fi encoding="utf-8" síbẹ̀.

bash_lawa:
Gbogbo Python yìí nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo? Nínú bash, fi ffprobe yẹn sáàárín $( ), kọ "$f" pẹ̀lú àmì ìfàyọ, gigun=$(ffprobe ... "$f"), ó tán. Àmọ́ tó o bá fẹ́ fi while read ka lísìtì kó o sì wá pe ffmpeg nínú ẹ̀, fi -nostdin sí i o, torí ffmpeg máa ń ka stdin, ìyẹn ibi tí prógíráàmù ti ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, á bá ẹ jẹ lára lísìtì yẹn, wàá kàn rí i pé fáìlì àkọ́kọ́ ṣe, àwọn tó kù pòórá. ffprobe kì í ṣerú ẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lo Popen (ọ̀nà míì tí subprocess fi ń pe prógíráàmù) pẹ̀lú PIPE, ìyẹn páìpù tí ọ̀rọ̀ prógíráàmù yẹn ń gbà wá sọ́dọ̀ ẹ, ẹ má pe p.wait() kẹ́ ẹ tó kà á. 64 KB ni páìpù Linux ń gbà, tó bá ti kún, prógíráàmù á dúró dè ẹ́ pé kó o kà, ìwọ náà á dúró dè é pé kó parí, ẹ̀yin méjèèjì á wà bẹ́ẹ̀ títí dìgbà tó o bá tẹ Ctrl+C. p.communicate() ni kẹ́ ẹ lò.