Àbọ̀ ẹjọ́ àbúrò mi ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: wọ́n ti dá a sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àbúrò mi tí mo sọ fún yín níjọ́sí pé wọ́n yọ́ gba ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ adájọ́, ó ti wà nílé. Adájọ́ kọ̀ láti gba ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà, kò sì sí ẹ̀rí mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká gba Arusha lọ, níbi tí Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn wà, ọ̀nà yẹn ti dí: ní 2020 ni Bẹ̀nẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé tó jẹ́ kí aráàlú lè pẹjọ́ tààrà síbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu la kọ̀wé sí. Abala 3 òfin ìpìlẹ̀ 1990 gbà wá láyè, abala 21 sì dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀. Kò di dandan kéèyàn gba agbẹjọ́rò: orúkọ, àdírẹ́sì, ìbuwọ́lùwé tàbí ìka títẹ̀ ti tó. Ìyá wa ló tẹ̀ka. Etí ìró tuntun ló fi nu íńkì rẹ̀, ó ní kò burú. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀, a ò ní fà á padà.

Ẹ má rò pé bí wọ́n bá ti yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lọ́nà àìtọ́, ẹjọ́ ti fọ́ nìyẹn o. Nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khan, tí wọ́n yọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ní 2000, ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg sọ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí rẹ̀ lójú, síbẹ̀ wọ́n ní ìgbẹ́jọ́ náà kò ní ojúsàájú. Kò dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ nìkan ló kù tí wọn ò tíì dá padà. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ ṣé gan-an.