Ṣé ó yẹ kí n fi owó kòkó rán ọmọ mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní òkè òkun?

Àgbẹ̀ Kòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ kú dédé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì, ìmọ̀ okòwò ni ó ń kọ́. Wọ́n pè é fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí òwò láàárín orílẹ̀-èdè, èyí tí yóò wáyé ní Netherlands nígbà ìsinmi gígùn wọn. Owó ẹ̀kọ́, owó ilé àti owó ọkọ̀ òfurufú, èmi ni wọ́n ní kí n san gbogbo rẹ̀, èrè kòkó ọdún méjì gbáko ni yóò sì bá a lọ. Inú ọmọ náà dùn débi pé kò rí oorun sùn, n kò sì fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn lè kọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ṣé wọn yóò kà á mọ́ máàkì rẹ̀ bí ó bá padà dé? Ẹni tí ó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, kí ó jọ̀wọ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi.

Olùkọ́ Okòwò, Adó-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ wà láàárín yunifásítì ọmọ yín àti ilé ẹ̀kọ́ tí ó pè é, nítorí pé inú ìwé yẹn ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ máàkì wà. Ní Yúróòpù, kírẹ́díìtì 60 ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó jọ lọ́dún, iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30 ni ó sì wà nínú ẹyọ kan. Bí ọmọ yín bá ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí 120 péré ni, kò lè pé kírẹ́díìtì márùn-ún. Kí ẹ̀ka rẹ̀ níbí kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó gbéra, iye tí wọn yóò gbà nínú rẹ̀ àti kọ́ọ̀sì tí yóò rọ́pò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú ìwé ẹ̀rí dáradára bọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí a ó kọ ọ́ sí.

Ẹ tún bèèrè bóyá Erasmus+ ni, ìyẹn ètò tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 1987 ni Erasmus bẹ̀rẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni ó ń náwó sí i, àwọn yunifásítì Nàìjíríà tí wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú ti ọ̀hún sì lè kópa. Ẹni tí a bá mú lábẹ́ rẹ̀ kì í san owó ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á lálejò, wọ́n sì máa ń fún un ní owó ìrìn àjò àti owó ìjẹun. Nígbà tí wọ́n ti ní kí ẹ̀yin san gbogbo rẹ̀, ó dà bíi pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni èyí. N kò sọ pé ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń tà fún yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń yẹ ọjà wò.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Mo kí yín, bàbá. Ghana ni àwa lọ ní 2024, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni. Ọkọ̀ ni a wọ̀ láti Èkó, a gba Sèmè, Kútọnu àti Lomé kọjá sí Accra. A kò gba físà, nítorí pé àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà ní ọjọ́ 90. Ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí àbẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ni a mú dání.

Kí n má parọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòfò, nítorí pé ohun tí ó ti wà nínú ìwé wa nílé ni wọ́n tún ń kọ́ wa. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó ni ojú mi là. Ní Ghana, ìjọba ni ó ń kéde iye tí a ó máa ra kòkó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, COCOBOD, ìgbìmọ̀ kòkó ti ìjọba wọn tí a dá sílẹ̀ ní 1947, ni ó sì ń mójú tó o. Ní tiwa, a ti tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, èyí tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin àti oníṣòwò ni ẹ ń dúnàádúrà. Mo rò pé àwọn ni wọ́n jẹ̀gbádùn jù wá lọ, àfi ìgbà tí àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé kòkó ti kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé, tí iye tí ìjọba kéde kò sì sún mọ́ ọn, tí àwọn kan fi ń gbé tiwọn gba ẹ̀yìn ibodè jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Bí n kò bá ní ìbéèrè kan lọ́kàn láti ilé wá, n kì bá tí rí nǹkan kan mú bọ̀ ju fọ́tò lọ.

Ìyá Oníṣòwò, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Mo gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré Netherlands. Èbúté Amsterdam ni èbúté tí ó ń gba kòkó jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Bí ẹ̀kọ́ náà yóò bá mú ọmọ àgbẹ̀ kòkó dé ibẹ̀, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí àpò tí bàbá rẹ̀ dì ń gúnlẹ̀ sí, èmi yóò ronú sí i gan-an. Ẹ bèèrè bóyá ó wà nínú ètò wọn.

Ní ti físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ Netherlands àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 90 yúrò ni owó àgbàlagbà, wọn kì í sì dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ìbánigbófò ìlera tí ó tó 30,000 yúrò jẹ́ dandan. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán kí ó ku ọjọ́ 15. Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ má ṣe yá owó ńlá sínú àkáǹtì lójijì kí ó lè dára lójú wọn, wọ́n máa ń béèrè orísun rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó, Ìkéré-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ náà létí ní alẹ́ àná. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní iye tí oníṣòwò tí ó ra kòkó mi ní ọdún tó kọjá tà á fún ẹlòmíràn, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, yóò lọ sí ẹ̀ka wọn lọ béèrè àdéhùn náà, yóò sì kọ̀wé sí àwọn ti Netherlands láti mọ̀ bóyá wọn yóò dé èbúté. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, owó kòkó mi yóò dúró sí báǹkì, ọ̀rọ̀ Accra ni a ó sì jọ máa sọ.